Aṣọ Gbọ́dọ̀ Mí

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gé aṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀gá agéṣọ wọ kóòtù wá síbi iṣẹ́. Oòrùn ọjọ́ náà mú bí iná, gbogbo wa ń fi páálí fẹ́ ara wa, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun, ó gbé àlùmọ́gàjí ńlá rẹ̀ há abíyá, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀rọ náà mọ ẹni tó bá nílé. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá jọ̀ọ́ yà fún àwọn, nígbà tí kò sì tètè yà, wọ́n fi igun ẹrù wọn tì í wọ kọ̀rọ̀ tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló dúró sí, tòun ti kóòtù, títí wọ́n fi tò ó tán.

Inú mi dùn débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́, n kò sì mọ̀.

Ilé ìránṣọ ni ibi tí mò ń wí yìí, àmọ́ a kì í rán aṣọ kọ́ kí ẹni tó bá bá lára mu wá rà á. Oníbàárà á wá, a ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti èjìká dé orúnkún, a ó sì gé aṣọ rẹ̀ fún òun nìkan. Màdáámù ló ni ibẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni, àìnípìnnu ló kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu: ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa ń gbà gbọ́. Yàrá iwájú ni a ti ń wọn ènìyàn, yàrá àárín ni wọ́n ti ń gé aṣọ, yàrá ẹ̀yìn ni àwọn aránṣọ tẹ́ maṣíìnì wọn sí. Èmi wà nídìí fèrèsé lẹ́yìn gbogbo wọn, lórí àga onítìmùtìmù. Èmi ni mò ń parí iṣẹ́. Mò ń ṣe ojú bọ́tìnnì, mò ń ká ẹsẹ̀ aṣọ, mo sì ń gé etí tó bá pọ̀ jù nínú aṣọ dànù. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mò ń kọrin. Ìyá Olórin ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tí kò bá fẹ́ orin, kó lọ wá ẹlòmíràn tó lè ṣe ojú bọ́tìnnì tí kò ní tú títí ẹni tó wọ aṣọ náà á fi gbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀gá yìí fún yín. Ọ̀gá Àlùmọ́gàjí ni à ń pè é lójú rẹ̀. Èyí tí à ń pè é lẹ́yìn, bébà tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí mọ́ ju kí n kọ ọ́ síbẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ gé aṣọ, gbogbo ilé á dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má kọjá lẹ́yìn òun. Kí àwọn obìnrin dá maṣíìnì dúró, ariwo rẹ̀ ń da òun láàmú. Kí ẹni tó ní ikọ́ lọ wú u níta. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á fà sẹ́yìn, á di ojú kan, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, á wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan náà, pé aṣọ gbọ́dọ̀ mí. Ìgbà yẹn ni àlùmọ́gàjí á tó wọlé. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé inú ọba ló fẹ́ là. Ṣòkòtò awakọ̀ ni o.

Mo ṣe orin fún un:

Àlùmọ́gàjí ń han, ọ̀gá ń dijú,
Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, ọ̀gá fẹ́ bímọ.
Kí ló bí? Ṣòkòtò ni.

Bí aṣọ bá jáde tó dára, òun ló gé e. Bó bá wọ́, àwọn obìnrin ló rán an. Ó ní ọwọ́ wọn wúwo, orí wọn fúyẹ́. Obìnrin gíga kan wà láàárín wa nígbà kan, aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ rekete, ló bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ọ̀gá pé kó wo gígé rẹ̀ dáadáa, ó dà bí ẹni pé ó ń tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní àlùmọ́gàjí náà kò ní gé òwú lásán nínú ilé yìí mọ́ títí obìnrin náà á fi kó ẹrù rẹ̀. Aṣọ ìyàwó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó ti ń sunkún ní yàrá iwájú, Màdáámù bá ní kí obìnrin gíga máa lọ. Ó lọ lóòótọ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún bá ọkùnrin náà sọ nǹkan kan tó jọ òótọ́. Àwọn aránṣọ á kàn máa mi orí fún un, tí wọ́n bá sì délé, wọ́n á máa fi ọkọ wọn gbẹ̀san.

Ẹni tó tẹ̀lé ẹ̀rọ wọlé ni ọmọ àbúrò mi obìnrin. Àbúrò mi kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákò, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, torí náà ọmọ mi ni n ó máa pè é. Ó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, ó kọ́ ọ yanjú, kò ríṣẹ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń jókòó sílé, tó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Èmi ni mo kó o lé Màdáámù lọ́wọ́. Mo rí i pé èmi ni mo bá Màdáámù sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Àdéhùn tí Màdáámù ṣe pẹ̀lú àwọn tó ni ẹ̀rọ ni pé kí wọ́n gbé e wá kí òun fi iṣẹ́ kan dán an wò. Iṣẹ́ náà ni aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan, oníkálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Bí aṣọ nọ́ọ̀sì bá yọrí, ẹ̀rọ á dúró, ọmọ mi á dúró sídìí rẹ̀. Bí kò bá yọrí, ẹ̀rọ á padà síbi tó ti wá, ọmọ mi á padà sídìí abọ́.

Ẹ̀rọ náà wù mí láti ọjọ́ kìíní. Tábìlì gígùn kan ni, ojú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ọmọ mi á tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀, á fi ọ̀rá bò ó, tábìlì á fa afẹ́fẹ́ sínú, aṣọ á sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Apá irin kan wà lókè rẹ̀ tó ní ọ̀bẹ tóóró lẹ́nu. Ọmọ mi á tẹ ìwọ̀n nọ́ọ̀sì sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀bẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ń gé apá, ó ń gé àyà, ó ń gé ọrùn. Kò fa ìlà, kò di ojú, kò mí kanlẹ̀. Mo lọ wúkọ́ sí i létí láti fi dán an wò. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wá padà sórí àga mi pẹ̀lú orin tuntun:

Ọ̀bẹ ń lọ, ọ̀bẹ ń bọ̀,
Kò bi mí lọ́mọ ẹni tí mo jẹ́,
Kò bi mí lẹ́ni tó wúkọ́.

Ọ̀gá Àlùmọ́gàjí ní ẹ̀rọ náà kò lójú. Ó ní òun kò tíì rí aṣọ tí nǹkan aláìlójú gé tó bá ènìyàn mu. Gbogbo òwúrọ̀ ni ọmọ mi ń kúnlẹ̀ kí i, gbogbo òwúrọ̀ ni ọkùnrin náà ń wo àjà bí ẹni pé òkè ni ìkíni náà ti wá. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó yé ba orúnkún ara rẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Màmá, àgbà ni wọ́n." N kò mọ ibi tó ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Aṣọ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ mi ń gé, Ìyá Onígíláàsì tó jẹ́ àgbà nínú àwọn aránṣọ àti àwọn yòókù ń rán, èmi ń parí rẹ̀. Iṣẹ́ ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí Màdáámù ń rìn kiri bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n kó ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ lọ fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ padà wá jẹ́ obìnrin tó sanra dáadáa, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Inú ọ̀rá ló di aṣọ rẹ̀ sí. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ láti gbé aláìsàn kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ni ẹ̀yìn aṣọ bá ya láti ọrùn dé ìdí. Ó ní aláìsàn náà kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà débi pé wọ́n tún ojú abẹ rẹ̀ rán. Òun fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. Màdáámù kò rẹ́rìn-ín rárá. Kó tó di ọ̀sán, àwọn mìíràn ti dé. Apá aṣọ ẹnì kan kò gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ọ̀kan ní bọ́tìnnì àyà òun fò, ó ba dókítà lójú. Gbogbo aṣọ náà ló fún wọn.

Ṣé ẹ ti rí ọkùnrin tí nǹkan burúkú ẹlòmíràn dùn mọ́ rí? Ọ̀gá Àlùmọ́gàjí bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ sára apá irin ẹ̀rọ náà bí ẹni tó fi aṣọ kọ́ sára ìṣó. Ó gbé àga sáàárín ilé, ó na ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, ó ń sọ fún un. Ẹni tó bá ń jáde, ó ń tún un sọ fún un. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ènìyàn ń jẹun, ó rò pé igi ni wọ́n. Ó ní ìdí tí òun fi ń sọ pé aṣọ gbọ́dọ̀ mí nìyẹn, pé aṣọ tí àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀ yìí ti kú kí wọ́n tó rán an. Àwọn aránṣọ ń mi orí. Ìyá Onígíláàsì mi tirẹ̀ débi pé gíláàsì rẹ̀ bọ́.

Ọmọ mi kó gbogbo ègé tí wọn kò tíì rán jáde, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wé ìwọ̀n àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n pé. Ó wọn ẹ̀rọ, ó wọn téèpù fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló pé. Ó sọ fún Màdáámù pé gígé náà kò ní àbùkù, Màdáámù ní kí ó sọ ìyẹn fún nọ́ọ̀sì tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta. Ọmọ náà bá lọ sẹ́yìn ilé, ó ń sunkún. Mo tẹ̀lé e, mo ní kó nu imú rẹ̀, ẹkún ò lè mú kí aṣọ fẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Mo ní òun kọ́ ni mò ń bínú sí, àmọ́ kó kọ́kọ́ nu imú ná.

Ọ̀gá ló bá Màdáámù sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, torí náà Màdáámù kéde pé òun máa pe àwọn tó ni ẹ̀rọ kí wọ́n wá gbé e. Ká ní ọkùnrin náà gba ibẹ̀ lọ sílé rẹ̀, ó ti borí. Àmọ́ ìborí nìkan kò tó o, àfi kí àwọn ènìyàn wò ó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnu lòun fi lé ẹ̀rọ lọ, kí nọ́ọ̀sì ẹlẹ́rìn-ín padà wá lọ́jọ́ kejì. Òun á gé aṣọ kan fún un, ẹ̀rọ á gé ọ̀kan, Ìyá Onígíláàsì á sì rán méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì wá. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, ó ní kò sí fíìmù tí òun lè wò nílé tó máa dùn tó èyí. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń mu omi, ó ń wò wá.

Ẹ̀rọ gé tirẹ̀ tán kí ọ̀gá tó rí ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀gá wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹ dákẹ́. Ẹ dá maṣíìnì dúró. Ó fa ìlà, ó fà sẹ́yìn, ó di ojú, ó mí. Nọ́ọ̀sì bi mí jẹ́jẹ́ bóyá àyà ń dun bàbá ni, kí òun bá a wò ó. Mo ní kó fi í sílẹ̀, bó ṣe ń bímọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi pa ara rẹ̀.

Ìyá Onígíláàsì rán méjèèjì, mo gé etí inú wọn, mo fi bọ́tìnnì sí i. Nọ́ọ̀sì wọ ti ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì àyà ò dé ojú rẹ̀, apá gan gan. Ó bọ́ ọ, ó wọ ti ọ̀gá. Ó bá a mu. Kò kù síbì kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nà, ó yí po.

Ọ̀gá jó. Mo ti rí oríṣiríṣi ijó láyé mi, n kò tíì rí èyí tó burú tó o. Ó ń fi àlùmọ́gàjí lu tábìlì, ó ń gbé ìdí bí ẹni tó jókòó sórí nǹkan gbígbóná. Ọmọ mi dúró sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ fún, ó ti ń ká wáyà rẹ̀ jọ. Màdáámù gbé fóònù, ó ń wá nọ́ńbà àwọn ẹlẹ́rọ.

Ọkùnrin náà kò tíì yó. Ó ní kí Màdáámù dúró ná, òun fẹ́ kí gbogbo wa rí ibi tí ọ̀ràn wà, kí a lè fi ṣe ẹ̀kọ́. Ó ní kí ọmọ mi fi ẹ̀rọ gé àyà aṣọ náà kan sí i, òun náà gé ọ̀kan sí i. Ó gbé tirẹ̀ lé ti ẹ̀rọ lórí níwájú gbogbo wa. Ó ní kí a wá wo bí ẹ̀rọ ṣe ń fi aṣọ ṣahun. Lóòótọ́, tirẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀rọ lọ yíká, ó lé ní ìbú ìka kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ọwọ́ pa ibi tó lé náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó bèèrè bóyá òun lè fi téèpù kàn án. Ọ̀gá ní kó wọ̀n ọ́n dáadáa, kó fi kọ́gbọ́n. Ó wọn ti ẹ̀rọ: ìwọ̀n nọ́ọ̀sì ni, pẹ̀lú ààyè tí abẹ́rẹ́ máa gbà kọjá létí. Ó wọn ti ọ̀gá: ó ju ìwọ̀n nọ́ọ̀sì lọ, ó ju ààyè abẹ́rẹ́ lọ. Ó tiẹ̀ ju ìlà tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà lọ. Ìlà ṣọ́ọ̀kì náà wà nínú aṣọ níbẹ̀, funfun báláú, àlùmọ́gàjí ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìkàn án níbì kan.

Màdáámù gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Bí ti ọ̀gá bá tóbi tó báyìí, báwo ló ṣe wá bá nọ́ọ̀sì mu?"

Ìyá Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún. Àwọn yòókù ń wo ẹsẹ̀ maṣíìnì wọn bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn jábọ́ sí. Àgbà obìnrin, ìyá ọmọ, tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹni tó ń jó bí ẹni tó jókòó lé iná.

Èmi ní tèmi, etí aṣọ tó lé yẹn ni mò ń wò. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mò ń gé e dànù láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, òun ló kún inú ìrọ̀rí tí mo fi ń sùn. Ẹ̀rín ti gbé mi kí n tó dìde.

"Màdáámù," mo ní, "a máa ń kó o wọlé bí a bá ń rán an ni. Gbogbo aṣọ tí ọkùnrin yìí ń gé, ìbú ìka kan la máa ń kó wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kó tó lè bá ọmọ ènìyàn mu. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí maṣíìnì wa, òun la kọ́kọ́ ń kọ́ ọ. Aṣọ ẹ̀rọ wá dé, a sì kó òun náà wọlé. Ọwọ́ wa ò bèèrè ẹni tó gé e."

Ọ̀gá ní irọ́ ni. Kò pariwo rẹ̀. Ó wo Ìyá Onígíláàsì, ẹni tó ti ń mi orí fún un láti ọjọ́ yìí wá, ó ní kó sọ pé irọ́ ni. Ìyá Onígíláàsì fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó tún un bọ́. Ó ní kí ọ̀gá má bínú, bó ṣe rí ni.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun lọ sílé láìrí òpin rẹ̀. Ẹ̀rọ tún gé aṣọ mìíràn fún un. Màdáámù ní kí Ìyá Onígíláàsì gba etí rẹ̀ lọ gan-an, kó má kó nǹkankan wọlé ju ààyè abẹ́rẹ́. Ẹ wá wo àgbà aránṣọ. Gbogbo ìgbà tí maṣíìnì bá ti sáré díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á yà wọ inú aṣọ, á dúró, á bú ọwọ́ náà, á tú u. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé rẹ̀. Ọmọ mi ló wá fi téèpù pupa lẹ ojú maṣíìnì fún un, pé kí etí aṣọ máa gba ibẹ̀ kọjá. Bó ṣe rán an nìyẹn. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, kò sí etí kankan fún mi láti gé.

Nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Ó de bọ́tìnnì. Ó na ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àga oníbàárà tí mo fi gbogbo ara rò pé kò ṣeé gbé, ó ní aláìsàn òun kan wúwo jù báyìí lọ. Kò sí ibi tó ya. Ó ní aṣọ náà dára ju ti bàbá lọ, torí ti bàbá ń rún òun lábẹ́ apá. Ó wọ̀ ọ́ lọ sílé.

Ọ̀gá jókòó. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà ṣọ́ọ̀kì orí àyà aṣọ tí ó gé. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹni tó sọ fún ọ dà?" mo ní. "Níbo ló wà báyìí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, òun gé aṣọ ẹnì kan kéré jù, ọ̀gá òun sì fi téèpù na òun níwájú oníbàárà. Ó ní láti ìgbà náà, bí àlùmọ́gàjí bá ti fẹ́ kan ìlà, ọwọ́ òun á gba ìta lọ fúnra rẹ̀. Ó ní òun rò pé kò sẹ́ni tó rí i. Bí wọ́n bá ti gbé aṣọ padà dé tó bá oníbàárà mu, òun á ní ó dáa, bóyá kò pọ̀ tó bí òun ṣe rò.

Àánú ṣe àwọn aránṣọ. Màdáámù nu ojú. Àánú kò ṣe mí. Gbogbo ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, gbogbo dídijú, gbogbo kóòtù nínú oòrùn, ìbẹ̀rù ṣọ́ọ̀kì ni. Obìnrin gíga gbé ẹrù rẹ̀ lórí lọ nítorí pé ọkùnrin kan ń sá fún ṣọ́ọ̀kì. Odidi yàrá obìnrin ń gbé e pọ̀n, ó wà lẹ́yìn wọn, ó ń bú wọn pé wọn ò mọ ìrìn. Mo kọ ọ́ lórin, mi ò tiẹ̀ rọ ohùn mi sílẹ̀:

Ẹ bá mi wo bàbá oníkóòtù,
Kìnnìún kọ́ ló ń lé e,
Ejò kọ́ ló ń lé e,
Ṣọ́ọ̀kì ló ń lé e, ó ń sá.

Ọmọ mi ní, "Màmá, ó tó." Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé ó dùn.

Màdáámù ní ẹ̀rọ ò ní lọ mọ́, ọmọ mi náà ò ní lọ. Ó ní kí wọ́n kó aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì yòókù padà, kí a tún gbogbo wọn ṣe. Ó ku ti ọ̀gá. Màdáámù ò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ó bá yíjú sí ọmọ mi, ó ní ọmọ náà ló ni yàrá ìgéṣọ báyìí, kó sọ bóyá ó nílò ọkùnrin náà níbẹ̀ tàbí kò nílò rẹ̀.

Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ sí i lẹ́nu láti ìdí fèrèsé. Mo fi ọwọ́ ṣe é fún un, báyìí, bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó wo ọkùnrin náà. Ó ní òun nílò ẹni tó máa máa tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kó tó di pé ọ̀bẹ sọ̀kalẹ̀, nítorí bí aṣọ bá kákò tàbí tó wọ́, ẹ̀rọ á gé wíwọ́ náà bó ṣe rí. Bí Bàbá bá lè ṣe é, kí wọ́n dúró.

Mo ti tọ́ ọmọ náà láti kékeré. Mo ti fún un lóúnjẹ, mo ti pọ̀n ọ́n. Níbo ni mo ti ṣì í tọ́?

Ọ̀gá kò wá lọ́jọ́ kejì. A rò pé ó ti lọ nìyẹn, mo sì ti ń ṣe orin ìdágbére kan tó ní ẹsẹ mẹ́rin. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ló yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọ kóòtù. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí i bó ṣe ń ṣe látẹ̀yìnwá. Lọ́tẹ̀ yìí ọkùnrin náà kò rí àjà wò, ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Ẹ! Fún ọmọ tó lè bí. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Ó gbé aṣọ nọ́ọ̀sì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ pa á, ó fà sẹ́yìn, ó di ojú kan, ó fẹ́ mí. Ọmọ mi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ́. Ó kákò níhìn-ín."

Ó tún un tẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ tún un tẹ́."

Maṣíìnì ń han lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò dá a dúró. Ẹnì kan wúkọ́. Ọkùnrin náà ká aṣọ náà sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún ń tẹ́ ẹ láti igun kan dé igun kejì, ìka rẹ̀ ń wá ibi tó kákò. Mo fi abẹ́rẹ́ mi gún tìmùtìmù, mo yí àga mi padà, kí n lè wò ó dáadáa.